Omi Kànga Wa àti Àwọn Wolé-wolé

Àlàmísì, 4 May 1961
Òjò àná ti gbá ìdọ̀tí tí ọkọ̀ wolé-wolé ń dà sókè kànga wa wọnú omi. Agbádá funfun mẹ́fà ni mo fọ̀. Gbogbo wọn pọ́n bí ẹni pé orí ilẹ̀ ni mo ti wọ́ wọn. Àwọn tó ń lé wa kiri Beyerunka pé ká gbálẹ̀ nìyí o!

Jímọ̀, 5 May
Mo lọ bá ọ̀gá wọn. Sítáàṣì ni mo ń pè é — kọ́là rẹ̀ kì í tẹ̀. Ó ní ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń bi ìjọba léèrè. Mo ní Àkíbù alágbàfọ̀ ni mí, ká pàdé ní kóòtù.

Àtàlátà, 9 May
Lọ́yà Olúwọlé ní ohun tó bá pa gbogbo ìlú lára, lọ́yà ìjọba nìkan ló lè pẹjọ́ rẹ̀. Kí ìjọba pe ìjọba lẹ́jọ́ — ọ̀rọ̀ ńlá. Kí èmi tó lè pẹjọ́, àfi kí n fi hàn pé ìyà tèmi yàtọ̀ sí ti gbogbo ìlú. Ó kúkú yàtọ̀. Agbádá mẹ́fà wà ńlẹ̀.

Àlàmísì, 25 May
Iléyá. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ ọdún fún mi fọ̀.

Àlàrùbá, 14 June
Kóòtù. Bàbá Sàlámì, olórí ilé wa, wá jẹ́rìí mi. Lọ́yà ìjọba bi wọ́n bóyá ìyà mi ju ti ará ilé yòókù lọ. Wọ́n ní rárá, ọgbọọgba la jọ ń jẹ ẹ́, Àkíbù ò ní sọ pé tòun ju tẹbí lọ. Wọ́n rò pé àwọn ń gbè mí ni. Adájọ́ da ẹjọ́ nù. Sítáàṣì rẹ́rìn-ín.
Mi ò bínú sí Bàbá. Irọ́ ni, mo bínú.

Àlàmísì, 15 June
Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé ẹni tí ìyà rẹ̀ bá yàtọ̀ nìkan ni kóòtù ń gbọ́.

Jímọ̀, 16 June
Bàbá bu omi kànga sí bútà, kí wọ́n ṣe àlùwàlá. Wọ́n wò ó, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dà á nù. Omi tí àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ ti yí padà ò ṣeé fi ṣàlùwàlá. Wọ́n rìn dé Òkè Padre lọ tọrọ omi, tàgbà tàgbà. Kí wọ́n tó dé mọ́ṣáláṣí, àwọn èèyàn ti kírun Jímọ̀ tán.

Mọ́ńdè, 19 June
Bàbá pe gbogbo ilé jọ. Wọ́n ní kí kálukú sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún lọ́yà, ká tún pẹjọ́. Àṣàkẹ́ aláró: aró rẹ̀ ò mú aṣọ mọ́. Kúlúsúmù: fùfú rẹ̀ ń rùn, oníbàárà sá. Ẹni mọ́kànlá.
Bàbá ní, "Àkíbù, kọ tèmi ṣáájú. Ìrun Jímọ̀ kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí wọ́n wá bi mí bóyá gbogbo ìlú la jọ pàdánù ẹ̀."