Ọ̀gá Mi Lé Mi Níṣẹ́ Títí Dé Ibojì

                                        Ilé Abíọ́nà,
                                        Tẹ̀dé,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2025.

Bàṣírátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Baálé rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Ìyá wa ti jẹ́ kí wọ́n lè wólẹ̀ kírun báyìí? Àwa ńbí wà, Alhamudulilai, àfi ooru tó ń bá wa fínra.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àwọn ará Ofiki tó fi iyọ̀ sí i. Alàgbà Mákánjúọlá, ọ̀gá mi oníbúrẹ́dì, lé mi níṣẹ́. N kò jalè, búrẹ́dì kankan kò sì jóná. Oníbàárà kan láti Ìgbẹ́tì ló bá ọ̀gá lẹ́nu géètì, tó pè é ní mégáàdì, tó ní kó bá òun pe ìyá tó ni bèkárì, àṣé èmi ló ń wí. Bó ṣe lọ tán, ọ̀gá ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Inú bí mi débi pé mo sunkún. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń tọ́ àwọn ọmọ mi láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú.

Mo gbẹ́jọ́ lọ sí ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọ̀gá. Alhaji Sàlàkọ́, alága wọn, kò tilẹ̀ bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ó ní ta ló fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀gá ní Baba Àmúdà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni. Alága ní ṣé ọ̀gá ti fà mí padà fún Baba. Ọ̀gá ní Baba ti kú. Alága ní òun kò bèèrè ikú. Àgbà tó fa ọmọ kalẹ̀ la ń dá a padà fún, a ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ṣì wà níṣẹ́.

Ọ̀gá náà lágídí, ó ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ. Bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe kọrí sí ibojì Baba nìyẹn, lọ́sàn-án gangan, tìyẹ̀funtìyẹ̀fun!

Alága kí Baba pé asalaamu alaekun, ó ní kí ọ̀gá rojọ́. Ọ̀gá húkọ́. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó tún húkọ́. Ta ló fẹ́ sọ fún àgbà tó ti sùn pé wọ́n pe òun ní mégáàdì? Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Baba, a kàn ní ká wá kí yín ni. Misturat ń ṣe dáadáa.”

A ṣe àmín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti ń po ìyẹ̀fun.

Bá mi kí Ìyá wa àti baálé rẹ. Háà, n kò tíì sọ ti àná! Ọmọbìnrin kan, Faith, wá gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, àbúrò ìyá rẹ̀ ló mú un wá. Ọ̀gá kò bèèrè bóyá ọmọ náà mọ búrẹ́dì ṣe. Ẹni tó mú un wá ló kọjú sí, ó rọra bi wọ́n léèrè pé:

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru?”

Èmi ni tìrẹ tí wọn kò rí lé,
Misturat.