Bí Mo Ṣe Mú Màmá Lọ Sétí Òkun

Ilé Bàbá Tíṣà,
Kemta,
Abẹ́òkúta.
Oṣù Kẹjọ, 2024.

Pamílẹ́rìn, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Tòkunbọ̀ aya rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà l'Ábújá? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ní tiwa níbí, Màmá ń jẹun, wọ́n ń sùn nígbà tó bá wù wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ga jù. Èmi náà wà. N kò ní í purọ́ fún ọ pé mo wà dáadáa. Mo ṣáà wà.

Ẹnu á máa yà ọ́ pé mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù yẹn náà ni mo ti ń pè. Bí mo bá pè, o wà nípàdé. Bí o bá pè padà, Màmá á ti máa bá mi du fóònù. Nígbà tí a bá sì ráyè sọ̀rọ̀, bí mo bá ti fẹnu ba ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, wàá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná." O ti ń rò ó wò láti ìgbà tí òjò ọdún tó kọjá ti dáwọ́ dúró. Bó bá ṣe pé iṣu lo gbé kaná ni, á ti jinná, á ti jóná, ìkòkò á ti fọ́. Mo wá rò ó pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè sọ ọ́ tán láìsí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ fún kò ju pé kí o wá mú Màmá sọ́dọ̀ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí o wá jókòó tì wọ́n níbí kí n mí. Ilé ìwé ń wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀gá wa ti pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní bí mo bá tún ń fi kíláàsì sílẹ̀ sáré wálé, kí n kúkú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n ní, "Péjú, a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀." Mo dúpẹ́, mo jáde. Láàárín ìyá mi àti iṣẹ́ mi, n kò tíì mọ èwo ni wọ́n ní kí n pè ní ìrẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìròyìn kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́. Mo mú Màmá lọ sétí òkun. Má tíì bú mi, jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. O mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ ariwo látilẹ̀. Ní báyìí, gbogbo ariwo ló ń dẹ́rù bà wọ́n: ẹ̀rọ ìlọta tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, ọ̀kadà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí tó dojú kọra wọn. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, wọ́n á ní, "Ẹ gbé mi lọ sétí omi." Mo gbé wọn lọ wo odò Ògùn ní Láfẹ́nwá. Wọ́n wò ó, wọ́n mi orí. "Kì í ṣe eléyìí. Èyí tí kò ní òdìkejì ni mò ń wí." Mo rò ó títí kó tó yé mi pé òkun ni. Kí wọ́n tó bí wa, Bàbá ṣe olùkọ́ lápá Wọ́tásáìdì létí òkun, lẹ́yìn Àbígi, ibẹ̀ sì ni Màmá bá wọn gbé nígbà tí wọ́n jẹ́ ìyàwó tuntun. Màmá ti gbàgbé Bàbá. Wọ́n ti gbàgbé pé Bàbá kú. Omi yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù.

Àlàájà Àfúsá, aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú, ló tì mí lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Péjú, gbé wọn lọ jàre. Bí wọn ò bá tiẹ̀ dá ibẹ̀ mọ̀, ìwọ á rí atẹ́gùn sí ara. Wo ojú ẹ!" Wọ́n ní kí Mọ́nsúrù ọmọ wọn, tó ń wa mọ́tò ní Kútọ̀, gbé wa lọ gbé wa bọ̀.

Màá kọ́kọ́ ṣàlàyé aṣọ tí Màmá wọ̀, nítorí aṣọ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò gba bọ́tìnnì láyè mọ́, wọn kò gba síìpù, wọ́n á já a ni. Mo bá rán ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ kan fún wọn, èyí tó balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Funfun ni mo rà, kí n lè máa rẹ ẹ́ sínú háípò bó bá dọ̀tí, o ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bàtà pàápàá, bí o bá fi sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ sọnù. Mo wá fi ọ̀já búlúù gbà wọ́n nídìí, kí n lè ríbi dì mú bí wọ́n bá fẹ́ rìn lọ. Nígbà tí a jáde nílé, Mọ́nsúrù wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín. N kò ní agbára láti bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Láti Kútọ̀ títí a fi kọjá Ìjẹ̀bú-Òde ni Màmá ń bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ó ń dá wọn lóhùn ní gbogbo ìgbà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi. "Ọmọ Àlàájà Àfúsá ni mí, Mà." Ọlọ́run á bù kún ọmọ yẹn. Èmi, bó bá ti di ẹ̀ẹ̀kejì, ohùn mi á ti le. Ibi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí la ti wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, a rìn díẹ̀ láàárín igi àgbọn, òkun sì yọ sí wa.

Pamílẹ́rìn, n kò tíì dé ibi tó pa rọ́rọ́ báyẹn rí. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí agboòrùn, kò sí ẹni tó ń lu orin, kò sí ẹni tó ní ká sanwó ká tó wọlé. Iyanrìn ni, àti àwọ̀n tí àwọn apẹja sá, àti ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Lókèèrè, èéfín ń rú níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja. Sílípáàsì ẹsẹ̀ kan àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí omi gbé wá wà níbẹ̀ náà; n kò sọ pé ọ̀run ni. Ìgbì ń hó, ṣùgbọ́n ariwo tirẹ̀ kì í báni jà. Àwa tí a dàgbà sí Abẹ́òkúta, ibi yòówù ká wò, àpáta tàbí òrùlé páànù ló máa dá ojú wa dúró. Níbẹ̀, ojú mi ń lọ ṣáá. Màmá jókòó sórí iyanrìn, wọ́n na ẹsẹ̀, ọwọ́ wọn kúrò létí. Wọ́n ní, "Ó ṣì wà."

Mo so etí ọ̀já náà mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Mo ní kí n kàn fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ ni. O ò lè mọ irú oorun tó gbé mi, àfi bí o bá ti ń fi etí kan sùn fún ìgbà pípẹ́ bíi tèmi. Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti yí, Mọ́nsúrù ti sùn lọ sábẹ́ igi àgbọn, kókó tí mo ta sọ́rùn ọwọ́ mi ti tú, Màmá kò sì sí níbẹ̀.

Ojú omi ni mo kọ́kọ́ wò. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ èyí fún, nítorí ìyá kan náà ló bí wa. Bí mo ṣe ń wo omi yẹn, ohun kan sọ nínú mi pé, "Ó ti parí nìyẹn." Kò fi ẹkún sọ ọ́. Ohùn ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ló fi sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ẹ̀rù òkun kò bà mí tó bí ẹ̀rù ara mi ṣe bà mí. Ìgbà yẹn ni mo fi igbe ta, Mọ́nsúrù jí, a bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ wọn lórí iyanrìn. Ipasẹ̀ náà kò lọ sínú omi. Apá ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ló kọjú sí.

Ẹ̀yìn ahéré ẹlẹ́ja la ti bá wọn. Màmá jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú délẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀ yí wọn ká, gèlè lórí, ìpẹ́ ẹja lápá. O mọ̀ pé etíkun ni àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ti máa ń gbàdúrà. Àwọn wọ̀nyí rí arúgbó kan tó ń ti etí òkun bọ̀ lóun nìkan, tó wọ ẹ̀wù funfun, tí kò wọ bàtà, tó fi àmùrè búlúù gbàdí. Kí ni kí wọ́n tún máa wádìí? Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, ohun tó ń pa Mọ́nsúrù lẹ́rìn-ín láti Kemta. Màmá wa, Ìyá Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó máa ń sọ pé àwọn aláṣọ funfun ń fi ariwo di Ọlọ́run létí, ni wọ́n sọ di Ìyá Àdúrà!

Màmá sì ń gbàdúrà. Gbólóhùn tí wọn kì í lè parí nílé, wọ́n ń parí rẹ̀. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé ẹnìkan lórí, wọ́n á béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n á béèrè ohun tó ń dùn ún, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ní kó dìde. Ọkọ ẹnìkan ń bẹ lójú agbami. Ẹnìkan ń wá ọmọ. Ohùn Màmá le, ó dán, ohùn tí wọ́n fi máa ń darí ìsìn Ẹgbẹ́ Ìyá nígbà tí èmi àtìwọ ń tògbé lórí bẹ́ǹṣì.

Mo sún mọ́ wọn láti tún àṣìṣe náà ṣe, kí n sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ni, ara wọn kò dá. Obìnrin ẹlẹ́ja kan fà mí láṣọ, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ bọ́ bàtà, Mà. Ẹ kúnlẹ̀. Ó máa kàn yín." N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ bàtà. N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

Ó kàn mí. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n wò mí lójú kòró, wọn kò mọ̀ mí.

"Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?"

"Péjú ni, Mà."

"Kí ló ń dùn ọ́?"

Mo fẹ́ sọ pé, Màmá, èmi ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ó ti rẹ̀ mí, Mà. Mò ń tọ́jú ìyá mi."

Ọwọ́ wọn ṣì wà lórí mi. "Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́?"

"Wọn ò mọ̀, Mà."

"Ìwọ nìkan ni wọ́n bí?"

"Rárá, Mà. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan."

Wọ́n béèrè orúkọ rẹ, mo sọ ọ́. Màmá gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Olúwa, Pamílẹ́rìn, níbikíbi tó bá wà, pè é. Bó bá ń sùn, jí i. Bó bá ń dọ́gbọ́n, jẹ́ kó sú u. Má jẹ́ kí ọmọ yìí nìkan ru ìyá ẹni méjì." Gbogbo wọn ní, "Àmín!" Pamílẹ́rìn, àwọn obìnrin tí kò mọ̀ ọ́ rí, tí ọwọ́ wọn ń rùn fún ẹja, ṣe àmín sí orúkọ rẹ létí òkun, mo sì sunkún bí ọmọdé lábẹ́ ọwọ́ ìyá mi.

N kò tún àṣìṣe náà ṣe mọ́. Wọ́n fún Màmá ní ẹja yíyan, Mọ́nsúrù bá wọn gbé e, a wọ ọkọ̀ padà. Kí a tó dé òkè ọ̀sà, Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ọmọ ta ni. Nígbà tí a sì dé Kemta, ẹ̀rọ ìlọta ń ké, wọ́n fi ọwọ́ di etí. Òkun kò wo nǹkan kan sàn. N kò sọ pé ó wò ó.

Mo ti fún ọ̀gá mi lésì ṣá. Mo ní n kò ní í fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ilé ìwé bá wọlé, kíláàsì mi ni màá wà láti àárọ̀ títí a ó fi jáde, n kò sì ní í sáré wálé. N kò wá ẹni tí yóò jókòó ti Màmá, nítorí a ti fi orúkọ ẹni náà ránṣẹ́ sí Ọlọ́run. Kò sí Pamílẹ́rìn méjì nínú ilé yìí.

Kí Ọlọ́run la ọ̀nà tó wà láàárín Àbújá àti Abẹ́òkúta fún ọ. Kó dá ẹ̀mí ìwọ àti Tòkunbọ̀ sí, kí ẹ jẹ èrè àwọn ọmọ yín. Lọ́jọ́ ogbó yín, kí àwọn ọmọ náà má ṣe fi yín sílẹ̀ sí ẹnìkan ṣoṣo lọ́rùn. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó bá ọ mu ọmú kan náà,
Péjú.

Mo tún rántí: Bí mo ṣe fẹ́ máa lẹ lẹ́tà yìí, Màmá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú sí títì. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń retí. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí n se oúnjẹ tirẹ̀ mọ́ tiwa.