Àdúrà Tí Mo Gbà fún Bàbá Júù Láìdárúkọ Jésù

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára mi, ẹ bá mi dá sí i. Mo gbàdúrà fún aláìsàn kan, mi ò sì dárúkọ Jésù níbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni o, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn àgbà ní Bible study, èmi tí mo máa ń dá àwọn ọmọ wa dúró tí wọ́n bá kàn fi Amen parí àdúrà láìdárúkọ ẹ̀... Mi ò gbádùn ara mi mọ́. Ọmọ secondary ni mò ń kọ́ ní maths ní Oldham, nínú kíláàsì gan-an màá dúró síwájú bọ́ọ̀dù, marker á wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní mọ ohun tí mo fẹ́ kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Manchester, mo bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó kọ ọ́ kiri o, ẹ ṣáà dá mi lóhùn.

Bàbá tí mò ń sọ yìí, Júù ni, aládùúgbò wa ní Crumpsall, ògiri kan ló pín ilé wa. Ọjọ́ tá a kó débẹ̀, ó gbé kéèkì wá kí wa káàbọ̀. Àgbà tó ti lé ní eighty gbé kéèkì wá kí èmi! Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí, kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹ̀, lórí kọnkéré tó tutù, pẹ̀lú kóòtù àti táì. Yéè! Bàbá pariwo. Ó ní kí n dìde kíá, pé èèyàn kì í wólẹ̀ fún èèyàn, Ẹnì kan ṣoṣo là ń wólẹ̀ fún. Àwọn tó ń bá wa já ẹrù dúró tì wá, wọ́n ń wo ìran. Mo ní sir, ìkíni lásán ni, bá a ṣe ń kí àgbà nílé nìyẹn, it's only respect. Ó wá bi mí bóyá ìkíni lásán náà ni èyí tí mo máa ń ṣe fún ọkùnrin Násárẹ́tì yẹn lọ́jọ́ Sunday. Mo gba kéèkì lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó wọlé ká jọ sọ ọ́. Bá a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn o.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ti dé láti church, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mò ń lọ. Kì í jẹ oúnjẹ wa nítorí òfin oúnjẹ wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ò tíì bó nìkan ló máa ń gbà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Iyàn ni tiwa, iyàn ṣáá. Mo ní Ábúráhámù ńkọ́, tí àlejò mẹ́ta yà sọ́dọ̀ ẹ̀ tí wọ́n jẹun, ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ló gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀? Ó ní ìránṣẹ́ ni wọ́n, ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kì í ṣe ẹni tó rán an. Mo ní bàbá tó fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ á bá a rákòrò nílẹ̀, ìyẹn ò ní kó má jẹ́ bàbá mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, àmọ́ bàbá tó rákòrò ò di ọmọ ọwọ́, kò sì ní kí ará ilé máa forí balẹ̀ fún ọmọ ọwọ́. Ó ní lórí òkè Sínáì, ohùn ni wọ́n gbọ́, wọn ò rí àwòrán kankan. Mo ní ṣé Ẹni tó dá ara èèyàn, ṣé ara yẹn ló máa wá nira fún Un láti gbé wọ̀? Ó ní òun ò sọ pé kò lè ṣe é, pé kí ló fẹ́ fi ṣe? Inú á bí mi, màá dìde, màá lọ sílé, kí ìyàwó mi tó bu oúnjẹ tán, mo ti rántí point míì, màá tún padà lọ kanlẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dárúkọ ìyá ẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ti sá wá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ní àwọn tó wá mú ìyá òun lọ, wọ́n mọ orin Kérésìmesì sórí dáadáa. Mi ò bá a jiyàn lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, àìsàn ọkàn dá Bàbá gúnlẹ̀, wọ́n ní operation ni. Ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Amẹ́ríkà, kò tíì dé. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú operation yẹn ni mo lọ wò ó ní hospital. Bàbá tó máa ń gbá tábìlì tó bá ń bá mi jiyàn, ó ti rù, ọwọ́ ẹ̀ tutù. Ó ní rabbi àwọn ti wá gbàdúrà, àmọ́ òun fẹ́ kí èmi náà gbàdúrà fún òun, ní Yorùbá, torí pé ọ̀rẹ́ òun ni mí. Ẹ̀bẹ̀ kan ló bẹ̀ mí: kí n má dárúkọ ọkùnrin yẹn lé òun lórí, kí n bá Ẹni tí àwa méjèèjì jọ mọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí... Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa bá ẹni tó ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ fa ọ̀rọ̀? Mo lè sọ ọ́ sínú, kò ní mọ̀. Ṣé ìlérí wá nìyẹn? Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo ké pe Ọlọ́run Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù, mo ní kó dá ẹ̀mí bàbá yìí sí fún mi, omi ń dà lójú mi, nígbà tó kan ibi tó yẹ kí n sọ pé ní orúkọ Jésù, mo gbé e mì. Mo ní Àmín, Bàbá náà ní Àmín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ mí lókò: ó ti pẹ́ tí mo ti gba àdúrà tó ti ọkàn mi wá tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mi ò rí i pé nǹkan kan dín níbẹ̀. Ṣé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀? Ẹni tí mo ní ó gbé ara wọ̀ nítorí mi, mo yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, ara sì tù mí? Àbí Òun náà ló gbọ́ ọ?

Bàbá yè é o, ó ti ń rìn kiri báyìí. Ìyàwó mi, tí mi ò sọ bí àdúrà yẹn ṣe lọ fún, ló lọ ròyìn fún àwọn ìyá ìjọ pé Daddy gbàdúrà, Júù dìde. Ọ̀rọ̀ dé etí Pásítọ̀. Wọ́n gorí pẹpẹ, wọ́n ní orúkọ Jésù ti wo Júù sàn ní Crumpsall, gbogbo ìjọ bú sórin, wọ́n ń gbọn aṣọ ìnujú. Mo jókòó gbagidi. Ó yẹ kí n dìde lẹ́ẹ̀kan náà kí n ní rárá... mi ò dìde. Wọ́n ní èmi ni màá jẹ́rìí ní Sunday tó ṣáájú Kérésìmesì, wọ́n tiẹ̀ ti kọ ọ́ gàdàgbà sórí aṣọ funfun pé Ọlọ́run Di Ènìyàn, ẹ̀yìn mi gan-an ni wọ́n máa ta á sí. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i: Bàbá ní òun ń bọ̀! Kì í wọ church láéláé, àmọ́ hall ilé ìwé la rẹ́ǹtì ní Cheetham Hill, ó ní ilé ìwé kì í ṣe church. Ó ní tí wọ́n bá ti kọ carol tán, òun á wọlé wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn mi, ó ti ra fìlà tuntun sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀rí tá a bá jẹ́ ni wọ́n máa ń tú sí Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tú u síta fún ìyàwó mi. Ó sunkún. Ó ní kí n sọ ohun tí ìjọ ń retí, pé ògo Ọlọ́run ni, kí n wá wí àwáwí kan tí Bàbá ò fi ní wá. Mo lọ bá Pásítọ̀, mo ní ẹnì kan ló ní kí n bi wọ́n, tẹ́nì kan bá gbàdúrà láìdárúkọ Jésù ńkọ́? Wọ́n ní ẹni bẹ́ẹ̀ ti sẹ́ Olúwa, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ àwọn. Mo ní ẹ ṣeun sà. Mo jáde.

Ẹ wá gbà mí o. Tí mo bá ní orúkọ Jésù ni mo fi gbàdúrà, irọ́ ni mo pa níwájú Jésù, Bàbá á sì gbà pé mo tan òun jẹ lórí bẹ́ẹ̀dì tí òun ò mọ̀ bóyá òun á tún dìde níbẹ̀. Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á ní mo ti sẹ́ Olúwa mi, ojú àwọn ọmọ mi ni wọ́n á ti sọ ọ́. Mi ò sì sẹ́ Ẹ! Mo ṣì gbàgbọ́ pé Ọlọ́run di èèyàn. Tó bá wá di èèyàn lóòótọ́, ṣé kò ní mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹ̀rù bá ń ba ọ̀rẹ́ ẹni, tó di ọwọ́ ẹni mú, tó ní ká ṣèlérí fún òun? Ṣé Ó lè torí ìyẹn bínú sí mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú ìgbàgbọ́, àtẹ̀yin tí inú ti ń bí sí mi, ẹ sọ̀rọ̀: tí wọ́n bá gbé microphone lé mi lọ́wọ́, tí Bàbá jókòó níwájú tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, kí ni kí n sọ?