Ìwé Àdéhùn Inú Kọ̀ǹpútà Mọ̀dáàmù

Ìbà, Ọ̀jọ́, Èkó,
Oṣù Kẹfà, 1997.

Ìgè ọmọ mi,

Ṣé ara ẹ le? Ṣé ò ń jẹun dáadáa ní Yábàá tó o wà yẹn? Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ò ní yọ̀ lábẹ́ ẹ o. Ọlọ́run tó bá mi gbà ẹ́ lọ́jọ́ tó o fi ẹsẹ̀ jáde wá sáyé, ó ṣì ń wò ẹ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ti ba ọ̀nà Okokomáíkò jẹ́, à ń ká aṣọ sókè ká tó dé títì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn.

Díísìkì àti lẹ́tà tó o fi rán dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ti dé ọwọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé, torí àyà mi ò tíì balẹ̀. O mọ̀ pé Mọ̀dáàmù Àyìnkẹ́ tí mò ń bá gbá ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wọn ló fún wa ní yàrá ẹ̀yìn tá à ń sùn. Wọ́n ní àwọn ọmọ yunifásítì ti ń gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíì, torí iṣẹ́ wọn tóbi ju ohun tí díísìkì lè gbà lọ. Wọ́n ní bí irinṣẹ́ inú díísìkì ẹ, tó o sọ pé ó máa ń ká iṣẹ́ ńlá pọ̀ bí ẹni ká aṣọ sínú báàgì ò bá tíì wọ inú kọ̀ǹpútà méjèèjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kí àwọn tó padà láti Ìbàdàn, kí n wá ibòmíì gbà. Ìgè, ibo ni mo fẹ́ kó ẹrù lọ nínú òjò yìí?

Èmi àti Múrítàlá tó ń bá wọn tẹ̀wé la jọ bẹ̀rẹ̀. Èmi di lẹ́tà ẹ mú, mò ń kà á sókè, òun ń tẹ̀. Èyí àgbà, tí ojú ẹ̀ dúdú tí ò ní àwòrán kankan, la kọ́kọ́ kọjú sí. Ìyẹn ò béèrè nǹkan kan. Múrítàlá kọ̀rọ̀ sí i, ó kùn díẹ̀, ó gba irinṣẹ́ wọlé. Àmọ́ nígbà tá a pe irinṣẹ́ náà lórúkọ, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣebí ojú wa báyìí ló ṣe wọlé! Àfi ìgbà tí mo ka ibi tó o ti ní ká kọ ọ̀nà yàrá tó ń gbé sínú fáìlì tí kọ̀ǹpútà máa ń kà bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó wá yé mi: ayálégbé ti kó wọlé, wọn ò tíì sọ fún lánlọ́ọ̀dù. A kọ ọ́, a pa á, a tún un tàn. Mo ní kí Múrítàlá kọ́kọ́ kí i. Ó sì jẹ́ wa lóhùn.

Ti ìkejì tí wọ́n ń pè ní Wíńdò, tó láwòrán mèremère, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Òun ò fẹ́ ká kọ nǹkan kan, ìbéèrè ló ń bi wá. Múrítàlá ń tẹ̀, ó ń tẹ̀, ni ìwé gígùn kan bá yọ, òyìnbó kíkún, ó ní ṣé a fara mọ́ ọn. Múrítàlá ti na ọwọ́, mo gbá a mú. Mo bi í pé ṣé ó ti kà á. Ó ní Màmá, kò sẹ́ni tó ń kà á. Hẹ̀! Ní Ìbà níbí? Níbi tí bàbá bàbá ẹ ti tẹ̀ka síwèé tí wọn ò kà, tí ilẹ̀ fi lọ? Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ pé a ò fara mọ́ ọn. Ló bá tẹ̀ ẹ́. Irinṣẹ́ ẹ palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ó jáde, kò tiẹ̀ dágbére.

Múrítàlá dorí mú, ó tún bẹ̀rẹ̀ títí ìwé yẹn fi yọ padà. Èmi ti sáré lọ pe Bàbá Àdìsá, tí wọn kì í ṣèwé ilẹ̀ kan ládùúgbò yìí lẹ́yìn wọn. Wọ́n dé fìlà wá, wọ́n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí Múrítàlá túmọ̀ ẹ̀. Ó ní ìwé náà sọ pé bí irinṣẹ́ yìí bá ba nǹkan wa jẹ́, ọwọ́ ẹni tó ni ín ò sí níbẹ̀. Bàbá ní àwọn ẹlẹ́rìí dà? Kò sí. Òǹtẹ̀ ńkọ́? Kò sí. Wọ́n ní olè ni gbogbo wọn, kí n má gbà.

Ibẹ̀ la wà tí Mọ̀dáàmù fi ti Ìbàdàn wọlé. Wọ́n bi mí pé ṣé orí mi pé, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ tàbí kí n lọ di ẹrù mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, àwọn ni wọ́n nilé. Wọ́n na ìka, Bàbá Àdìsá wúkọ́, ni Mọ̀dáàmù bá fà á padà. Ọmọ Ìbà làwọn náà. Wọ́n ní kí Múrítàlá tẹ̀ ẹ́. Múrítàlá ní òun ò ju atẹ̀wé lọ. Ni mo bá dìde, mo yíjú padà kí n lọ máa di ẹrù. Bí mo ṣe yí, Rẹ̀mílẹ́kún àbúrò ẹ tí mo pọ̀n, tí ò tíì hu eyín kan, na ọwọ́, ó gbá kíbọọ̀dù pàà! Ìwé náà pòórá, irinṣẹ́ wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Mọ̀dáàmù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ká máa gbé yàrá wa. Bàbá Àdìsá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó fọwọ́ sí i làwọn tó ni irinṣẹ́ á wá bá. Múrítàlá ní kò sẹ́ni tó ń bọ̀, síbẹ̀ mo ti ń tètè tilẹ̀kùn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra kẹrosíìnì àti bàtà òjò. Kó o sì bá mi kọ̀wé sáwọn tó ni irinṣẹ́ yẹn, sọ fún wọn pé ọmọ ọmú ni Rẹ̀mílẹ́kún, kò lóhun ìní kankan. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ẹnikẹ́ni, èmi ni kí wọ́n wá mú.

Ilé tó o bá wọ̀ ò ní lé ẹ jáde. Ohun tó o bá fọwọ́ sí ò ní dẹjọ́ sí ẹ lọ́rùn. Wàá pẹ́, wàá kọ́lé tìẹ, èmi náà á sì sùn níbẹ̀.

Èmi ìyá ẹ,
Àríkẹ́.