Ìwé Iná Tí Kò Dé Ilé Ọkọ Mi

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Ògúnsànyà,
Agric, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ummusalamah, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Jọ̀ọ́, má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti mú bírò gbẹ̀yìn, ìwọ náà sì mọ ibi tí mo bá ilé-ìwé dé kí wọ́n tó ní kí n wá máa tẹ̀ lé Màámi lọ sí ọjà Olúwo. Bí o bá rí ibi tí mo ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ṣe sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ náà ni kò tètè wá sí mi lọ́wọ́.

Báwo ni ara rẹ? Bàbá Jamilah ńkọ́, ṣé wọ́n ń rí ẹja pa? Jamilah fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń dìde dúró? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ, ṣé ó ti fúyẹ́? Ẹ kú òjò yìí, ẹ sì kú ìmúra Mọ́lúdì. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ara tèmi le, alihamudulilahi. Ọkọ mi náà wà, ó ṣì ń bá wọn kó yanrìn ní Èbúté. Kò nà mí, kò sì bú mí. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí korò.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí n kò pè ọ́. Wọ́n ti gé iná ilé wa, fóònù mi ti kú. Bí mo bá tilẹ̀ lọ ṣáájì rẹ̀ níta, tí mo wálé pè ọ́, gbogbo ilé ló máa gbọ́ ohun tí mo sọ. Kabir, awakọ̀ tó ń bá Màámi kó ẹja wá láti Ẹ̀pẹ́, ni mo fi ìwé yìí rán.

Ummu, o rántí fíríísà tí ọkọ mi rà fún mi lẹ́yìn ìgbéyàwó? Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ohun àkọ́kọ́ tó jẹ́ tèmi láyé nìyẹn. Màámi á fi ọ̀bọ̀kún àti ẹ̀pìyà ránṣẹ́, màá tò ó sínú rẹ̀ kó dì, màá wá máa tà á fún àwọn olóúnjẹ ní ibùdókọ̀ Benson. Bó bá yá, mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan síbẹ̀. N kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, àfi ìwọ.

Mítà ilé wa kì í ṣe oníkáàdì. Àwọn oníná ló yẹ kó máa mú bíìlì wá lóṣooṣù. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, n kò rí bíìlì kankan. Ẹ̀rù ń bà mí, torí mo mọ̀ pé fíríísà mi ń jẹ iná. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, gbèsè tí olówó ò béèrè, ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ rán an létí?" Mo ní, "Màmá, gbèsè ò dà bí ẹja, kì í rà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí lóòótọ́. A jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo bẹ ọkọ mi, ó ní òun ò ráyè kúrò ní Èbúté, kí n lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì wọn. Ìwọ mọ̀ mí. Èmi tí n kò lè bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́kadà! Mo wọ hìjáàbù mi tó dára jù, mo lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó bèèrè orúkọ tó wà lórí bíìlì. Ummu, orúkọ bàbá ọkọ mi ni. Àwọn ló kọ́lé, àwọn ló fa iná sí i, wọ́n ti di olóògbé kí n tó dé. Àìpẹ́ tí mo wọlé ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti jókòó tì mí, tó ka orúkọ àwọn tí ìyàwó ò gbọ́dọ̀ pè nínú ilé náà, òkú àti alààyè. Òun fúnra rẹ̀, Ìbàdíàrán ni mò ń pè é. Bàbá, Bàbá Alágbàlá ni mo sọ wọ́n. Orúkọ wọn gan-an kò tíì jáde lẹ́nu mi rí.

Mo ní, "Orúkọ bàbá ọkọ mi ni, sà."

Ó ní, "Kí lorúkọ bàbá ọkọ yín?"

Mo ní, "Bàbá Alágbàlá."

Ó kọjú sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ gbà mí o! Alágbàlá! Ṣé kí n bá yín wá Alágbàdo mọ́ ọn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níbẹ̀ ní, "Ìyàwó, pè é jàre, òkú ò ní dìde wá bá ọ jà." Ọmọkùnrin náà ti bébà sí mi pé kí n kọ ọ́. Mo rò ó pé kíkọ àti pípè, ọ̀kan náà ni. Ni mo bá kọ orúkọ ọkọ mi nìkan, láìfi ti bàbá kún un, mo wá kọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé sábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Èmi ṣebí ó ti parí. N kò mọ̀ pé ohun tó kọ ni pé à ń fa iná láìforúkọ sílẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àwọn oníná alákàbà dé. Ojú gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti ń pariwo pé olè iná ni wá. Wọ́n gé wáyà, wọ́n ká a lọ. Ìyá ọkọ mi jáde tàwọn ti tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n ní, "Kí wọ́n tó bí yín ni ọkọ mi ti fa iná yìí!" Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ìyàwó yín ló wá kọ orúkọ tí a ò mọ̀ sílẹ̀." Ìyá ọkọ mi yíjú wò mí. Ummu, mo ṣì ń rí ojú yẹn.

Wọ́n ní, "Èkúté sùn jẹ́ẹ́ nínú ihò, ìwọ lo lọ fi igi tọ́ ọ. Ṣé orúkọ ọkọ mi wá di eegun lọ́fun rẹ ni?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ká ní mo pè é, àwọn náà ni ì bá sọ pé mo rí bàbá fín.

Ẹja tí Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ kún fíríísà fọ́fọ́. Mo ta èyí tí mo lè tà ní ọ̀pọ̀, mo há díẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, mo gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn ilé, mo sin ìyókù. Mo sunkún bí ẹni ṣòfò.

Ìbàdíàrán ló mú mi padà sí ọ́fíìsì náà. Ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ látorí dé ìdí. Ọmọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìdì bébà kan jáde lábẹ́ tábìlì. Gbogbo bíìlì wa ló wà níbẹ̀ tí eruku bò ó, tiwa àti ti òpópónà wa. Ẹni tó ń pín in ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbé báàgì rẹ̀. Ìbàdíàrán ní, "Èyí tí ẹ ò mú wá, báwo la ṣe máa san án?" Ó ní, "Aǹtí, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀ ń tan iná ni?" Kò tilẹ̀ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní ká san gbogbo rẹ̀ pọ̀, ká san ti wáyà, ká tún san owó ìtanràn olè, pé ìyẹn ti wọnú kọ̀ǹpútà, kò ṣe é yọ mọ́.

Ilé wá pinnu pé kí a ta fíríísà. Ká ta fíríísà, ká fi san iná tí fíríísà jẹ! Nígbà tí iná bá wá dé, kí ni màá fi ṣe? Ọkọ mi ò lè wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní òun á ra òmíràn, in-ṣá-Allah. Mo gbà á gbọ́, torí kò purọ́ fún mi rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe nìyí. Sọ fún Màámi kí wọ́n má fi ẹja ránṣẹ́ mọ́ ná. Má sọ pé ó rà, sọ pé ọjà ò yá ni. Bí wọ́n bá gbọ́ òótọ́, wọ́n á bá Kabir wọkọ̀ wá jà níbí, èmi náà ni màá tún jẹ̀bi. Kí o sì wò ó bóyá wáyà tí wọ́n fi ń yan ẹja ṣì wà lẹ́yìn ilé wa. Mo lè máa yan án tà. Ìyẹn ò ní kí n pe orúkọ ẹnikẹ́ni kó tó gbóná.

Bá mi kí ìyá rẹ àti bàbá Jamilah. Fi ẹnu ko Jamilah lẹ́nu fún mi. Kí gbogbo ará etí omi tó bá bèèrè mi, kí o sọ pé mo

Ummu, ẹni tó fẹ́ ra fíríísà ti dé. Ìyá ọkọ mi ń pè mí pé, "Ìyàwó, wá sọ fún wọn bó ṣe ń tutù!" Kò sì sẹ́lòmíì tó lè sọ ọ́. Bí mo bá to ẹja sí i nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, á ti le bí òkúta, ojú rẹ̀ á sì mọ́ kedere, àfi bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi. Wọ́n tún ti ń pè mí.

Èmi náà ni,
Mardiyah tìrẹ.