Mínísítà Taiwan Tí Ọ̀gá Mi Kà Lónìí

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbẹ̀san, ó sì dùn mọ́ mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá ẹ̀ka wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gba ìwádìí mi lórí àwọn olóṣèlú Taiwan, ó ní òun fẹ́ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ tirẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ jáde, òun náà ni wọ́n sì gbé ga. Lórí ọ̀kadà, láti Ìlá dé Òkè-Ìlá ni mo fi sunkún lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó tún béèrè èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lóṣù tó kọjá, mo gbé e fún un. Àmọ́ mo ti fi mínísítà obìnrin kan tí mo fúnra mi dá sí i: Ko Si-nibe. Mi ò fi àmì sórí orúkọ náà, kó má baà fura.

Lónìí, níwájú gbogbo olùkọ́, ó kà á bí ẹni tó ti bá obìnrin náà jẹun rí. Mo nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa tún orúkọ mínísítà yẹn pè díẹ̀díẹ̀."

Ó pè é. Ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn pé, "Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́!" Ẹ̀rín bo gbọ̀ngàn. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọ̀gá ẹ̀ka wa gbé ìwé náà wá.

Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́...

Ọ̀gá ẹ̀ka wa wá bá mi ní ọ́fíìsì kí a tó ṣíwọ́. "Ìyá Bọ́lá, kí ni mo ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa. "Kí n kọ kí ni, sà? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni?"