Òjìjí Nínú Ìgèrè Bàbá

Igbein, Abẹ́òkúta
9 Oṣù Kẹwàá, 1983

Ẹ̀gbọ́n mi Olújìmí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Orókún Bàbá ti sàn díẹ̀. Ẹ̀bùn ọmọ mi ti wọ fọ́ọ̀mù wáànù.

Ẹjọ́ Ọláògún, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, ni mo fẹ́ rò kó tó ro tiẹ̀ fún yín. Mi ò pè é ní bùròdá mọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ìgèrè tí Bàbá fi ń pẹja lódò Ògùn ti ń ṣófo. Ọláògún wá ń sọ káàkiri pé ojú Bàbá ti fọ́, pé wọn ò mọ ìgèrè dẹ mọ́. Bàbá gbà á gbọ́. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń sunkún. Ẹkún yẹn ló bí mi nínú.

Mo fi igbá gbọ́n òjìjí méjì, ẹja kékeré tó ń gbọn èèyàn lọ́wọ́ bí iná mànàmáná, mo dà wọ́n sínú ìgèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn aláró tó ń ṣan aṣọ létí odò gbọ́ igbe. Wọ́n bá Ọláògún lórí ẹrẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ìgèrè Bàbá.

Àwọn àgbà ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo lọ. Ọ̀kan nínú òjìjí méjèèjì ni mo fi se ọbẹ̀ fún un. Ó wo abọ́, ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí. Ẹ fi bàtà òjò ránṣẹ́ sí Bàbá, wọ́n ti padà sódò. Olúwa á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Níbí, èmi ni mò ń ṣọ́ Ọláògún, òjìjí kan ṣì wà láàyè nínú ìkòkò mi.

Àbúrò yín,
Mọ́níkẹ́